Ohùn Inú Páìpù

"Kò sí nǹkan kan níbí," Ọ̀yàyà wí, ó sì fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá náà. "Ẹ̀rọ yẹn ò lè gba ohun tí kò sí sílẹ̀."

Ìbákà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, wọ yàrá náà. Ó na ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń fi àtùpà wá ọ̀nà. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ inú ilé náà ṣú dùdù. Lára ògiri, ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń ga sí i. Bàtà ọmọdé kan dojú dé sẹ́nu ọ̀nà. Aago kan ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ògiri, ó ń ka àkókò fún àwọn tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ilé àwọn òṣìṣẹ́ ni, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tó ti kógbá sílé. Ìjọba ìlú lé gbogbo ìdílé tó ń gbé ibẹ̀ jáde, wọ́n fi ṣéènì àti àgádágodo de ẹnu géètì, nítorí olówó kan fẹ́ kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀. Ihò kan lára ògiri ẹ̀yìn ni àwọn ọmọbìnrin méjèèjì gbà wọlé.

Kíláàsì àṣekágbá ni Ìbákà wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Orúkọ ẹyẹ ni wọ́n fi ń pè é nítorí ohùn rẹ̀ tó ń dún geere. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, òun ló ń ṣe ètò "Etí Ìlú" fún àwọn ọ̀dọ́ lórí rédíò agbègbè. Rédíò náà kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣe ti ọlọ́rọ̀ kankan. Àwọn ará ìlú ló dá a jọ. Òkè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ló wà, fóòmù bẹ́ẹ̀dì àlòkù ni wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ kí ariwo ìta má baà wọlé. Láàárọ̀, wọn a sọ ohun tí àwọn aṣojú ìlú ń ṣe. Tó bá dọ̀sán, wọn a gbé ẹjọ́ àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ jáde. Tó bá dìrọ̀lẹ́, orin àti ìtàn ló kù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni olùdarí ibẹ̀, Àǹtí Olùdarí sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Gbólóhùn kan kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Ohun tí a ò bá gbọ́, a kì í sọ pé a gbọ́ ọ."

Òun ló ní kí Ìbákà lọ gba bí ilé òfìfo náà ṣe rí sílẹ̀, kí ìlú lè mọ ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ìdílé wọ̀nyẹn.

"Atẹ́gùn nìkan ni mo ń gbọ́," Ìbákà wí níkẹyìn.

"Ta ló fẹ́ gbọ́ atẹ́gùn?" Ọ̀yàyà rẹ́rìn-ín. "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní kíláàsì? Wọ́n ní àwọn ìyá àgbà àti aláìsàn nìkan ló ń gbọ́ ètò rẹ. Fi nǹkan sí i jàre. Ta ló máa mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìbákà lọ́kàn. Ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, páìpù ńlá kan yọrí láti inú ilẹ̀. Ó gba yàrá abẹ́ ilẹ̀ kọjá, ó sì yọ sẹ́bàá ọ̀nà lẹ́yìn ògiri. Ìbákà bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì rọ ohùn sínú páìpù náà jẹ́ẹ́jẹ́:

"Ẹ má tì wá mọ́ ibí o. A ṣì wà níbí."

Ohùn náà lọ, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì padà wá láti ìsàlẹ̀, ó há, ó tutù, kò sì jọ ohùn rẹ̀ mọ́. Orí àwọn méjèèjì wú. Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí wọ́n ń jáde, kò sí èyí tó fẹ́ kẹ́yìn nínú wọn.

Àǹtí Olùdarí ti rìnrìn àjò lọ́jọ́ náà. Búọ̀dá Wáyà, tó ń bójú tó ẹ̀rọ, ló gbọ́ ọ kí ó tó jáde lórí rédíò. Ó mú ohun tó fi bo etí kúrò, ó wo Ìbákà tìfura-tìfura.

"Àbúrò, ṣé ohun tí ẹ bá níbẹ̀ nìyí?"

"Ohun tá a bá níbẹ̀ ni, búọ̀dá." Irọ́ náà jáde wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń kí ará ilé rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìlú ti gbóná. Àwọn awakọ̀ ń sọ ọ́, àwọn tíṣà ń fi ẹnu sọ pé àwọn ò gbà á gbọ́, wọ́n sì ń sún mọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Àwọn kan ní òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ pa láyé ọjọ́un ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ náà dá páropáro. Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kó igbá wọn. Ní ti Ìbákà, àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ ní kíláàsì ń bá a gbé báàgì. Ìyẹn dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ètò ń lọ lọ́wọ́, obìnrin oníbúrẹ́dì kan pè sórí rédíò. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ ọ. Èmi náà gbọ́ ọ! Mo gba ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ yẹn láàárọ̀ nítorí òjò fẹ́ rọ̀. Ohùn kan jáde látinú ògiri. Mo da búrẹ́dì nù, mo sá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá," Ìbákà wí. Inú rẹ̀ ń dùn. "Kí ni ohùn náà sọ fún yín?"

"Omi ni. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi.'"

Ìbákà tún ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rò lọ́kàn. Òun kò sọ omi. Kò sí omi kankan nínú ọ̀rọ̀ tó fi sínú páìpù. Òun ló dá iwin yẹn sílẹ̀, nítorí náà, nínú gbogbo ìlú, òun àti Ọ̀yàyà nìkan ló mọ̀ dájú pé kò sí iwin níbẹ̀. Bí kò bá sì sí iwin, a jẹ́ pé èèyàn ló ń tọrọ omi.

Ọ̀yàyà tó jókòó tì í náà ti lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ó di orúnkún rẹ̀ mú lábẹ́ tábìlì, ó ń mi orí: má sọ ọ́.

"Ẹ ṣeun, màmá. Ìlú ti gbọ́," Ìbákà wí, ó sì fi orin sí i.

Nígbà tó ń lọ sílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e gba ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ náà. Oòrùn ń wọ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan ní gbogbo ọ̀nà, àfi búrẹ́dì tó wú kalẹ̀ nínú ọ̀gbàrà. Ó sún mọ́ ẹnu páìpù náà.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Ó dẹ etí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti ìsàlẹ̀ réré, nǹkan kan ha irin, gbẹ̀rẹ̀rẹ̀, gbẹ̀rẹ̀rẹ̀, bí èékánná. Ìbákà kò mọ ìgbà tó fi eré sí i. Òun tó mọ òtítọ́ pàápàá sá. Títí tó fi délé ló ń wí fún ara rẹ̀ pé èkúté ni.

"Kí ló dé tí o ò jẹun?" màmá rẹ̀ bi í.

"Kò sí nǹkan kan, màámi."

"Nǹkan kan ò sí, ojú ẹ wá rí báyìí?" Màmá rẹ̀ gbọ́wọ́ lé iwájú orí rẹ̀, kò gbóná. Tútù ló tutù.

Lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì kan pè. "Àwa tí ṣọ́ọ̀bù wa wà lódì kejì ọ̀nà, a gbọ́ nǹkan tó ń kan irin láti àná. Kó! Kó! Ó máa dúró díẹ̀, á tún kàn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò fẹ́ wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ yìí, kò kàn mọ́. Bóyá ó ti lọ sinmi."

Ìbákà dìde dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, búọ̀dá, ẹ lọ wò ó. Ẹ kó àwọn ọkùnrin lọ. Ẹ já ṣéènì yẹn."

Mẹkáníìkì náà rẹ́rìn-ín ẹ̀rù. "Àwa kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo gbé ohùn wọn jáde fún wa. O wá fẹ́ ká lọ bá wọn níbẹ̀? Kí olórí di orí ẹ̀ mú o." Ó gé fóònù.

Ìgbà yẹn ni Ìbákà rí i kedere. Àbọ̀ òtítọ́ kò lè já ṣéènì yẹn. Irọ́ òun ló ń ṣọ́ ẹnu géètì, àyàfi kí òun fúnra òun wá lé e kúrò.

"Má dán an wò," Ọ̀yàyà sọ sí i létí. "Ayé wa ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ìbákà fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ra.

"Ẹ̀yin ará ìlú, irọ́ ni mo pa fún yín. Kò sí iwin kankan nílé iṣẹ́ ìhunṣọ. Ohùn tí ẹ gbọ́, ohùn mi ni. Ẹnu mi ni mo fi sínú páìpù. Àmọ́ ẹni tó ń tọrọ omi kì í ṣe èmi. Èèyàn ni! Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni, ó sì ti dákẹ́. Ẹ bínú sí mi tó bá yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sáré lọ báyìí!"

Fóònù ilé iṣẹ́ rédíò kò dún. Búọ̀dá Wáyà ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Lẹ́yìn náà ló mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Gbéra."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, oníbúrẹ́dì ti ṣáájú wọn, ó ń fi òkúta lu àgádágodo, omi ń dà lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì dé pẹ̀lú irinṣẹ́, wọ́n já a. Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn onípákó tó ti jẹrà tó sì dá, wọ́n bá Bàbá Ahunṣọ. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n lé e jáde tí kò rí ibi sùn, ó gba ihò ẹ̀yìn padà sílé ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, àtẹ̀gùn sì já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kankan kò jáde.

Kò kú. Ṣùgbọ́n egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pẹ́ jù, àwọn dókítà sì ní láti gé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aṣojú ìjọba ìlú ti ń rẹ́rìn-ín níwájú àwọn oníròyìn. "Ilé iṣẹ́ rédíò tó ń dá iwin sílẹ̀ náà ló ní a lé èèyàn jáde lọ́nà àìtọ́," ó wí. "Èwo ni ká wá gbàgbọ́?" Gbogbo ẹ̀rí tí rédíò ti kó jọ fún àwọn ìdílé náà di ohun tí wọ́n ń yínmú sí. Olówó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó bíríkì wá.

Àǹtí Olùdarí kò pariwo. Ìyẹn ló ba Ìbákà nínú jẹ́ jù.

"Mo fún ọ ní ẹ̀rọ kan," ó wí. "Ìlú ló fún ọ ní etí. Ẹ̀rọ, mo lè ra òmíràn. Etí ìlú ńkọ́, ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á?" Ó gba ètò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ó máa tẹ̀ lé Búọ̀dá Wáyà láti ilé dé ilé, kí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ìdílé tí wọ́n lé jáde. Àwọn kan ṣílẹ̀kùn, àwọn kan kò ṣí i. Ọ̀yàyà ti pààrọ̀ ìjókòó ní kíláàsì.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, obìnrin náà wò ó títí. "Ìwọ lo dẹ́rù bà mí," ó wí, "èmi ni mo sá. Àwa méjèèjì la jọ jẹ Bàbá yẹn ní gbèsè. Lọ kí i."

Bàbá Ahunṣọ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nílé ìwòsàn. Ìbákà kúnlẹ̀ nílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lókè," Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti há títí, bí ẹni pé ó ṣì wà nísàlẹ̀. "Mò ń gbọ́ wọn dáadáa. Bí mo bá ti pè, ṣe ni ẹsẹ̀ máa ń yára. Mo pe obìnrin, ó sá. Mo pe ọkùnrin, ó sá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọdébìnrin kan tiẹ̀ béèrè pé ta ló wà níbẹ̀. Ohùn mi ti lọ. Mo fi èékánná ha irin fún un. Òun náà sá."

Ìbákà dojú bolẹ̀.

"Ìgbà yẹn ni mo wá ń rò ó pé, àbí mo ti kú ni? Àbí mo ti kú tí n kò mọ̀, tó jẹ́ pé iwin ni mí lóòótọ́?"

"Bàbá, èmi ni ọmọdébìnrin yẹn," Ìbákà wí, ó sì bú sẹ́kún.

Bàbá kò sọ pé òun dárí jì í. Kò lé e jáde náà. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Dìde nílẹ̀ tútù yẹn. Fa àga, jókòó. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ti dúró nígbà tí mo bá pè."

Ìbákà jókòó. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ṣùgbọ́n ó ti rí i lọ́jọ́ náà pé ẹnu ẹyẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹlòmíràn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹni tó bá fi irọ́ kún ọ̀rọ̀ kí ayé lè gbọ́ tirẹ̀, ọjọ́ tí òtítọ́ bá ń ké fún ìrànlọ́wọ́, kò ní sí ẹni tí yóò dúró gbọ́ ọ.