Ife Kọfí Aago Mẹ́rin

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Mi ò mu ọtí lọ́jọ́ náà. Arlys ìyàwó mi kì í mu rárá. Hollis aládùúgbò wa nìkan ló ní bíà lọ́wọ́, kò sì tíì mu ún dé ìdajì tí nǹkan náà fi ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ni, oòrùn Quartzsite ní aṣálẹ̀ Arizona ń ràn yòò lórí yanrìn.

Inú ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ bí ilé ni èmi àti Arlys ń gbé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ ọdún 1991 ni. Ọwọ́ bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Stroud la ti rà á. Gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, àfi maikirowéfù tí wọ́n kàn mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù lókè sítóòfù. Búrẹ́dì ni Stroud kó sínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó ṣófo láé." Ọ̀rọ̀ náà ò yà wá lẹ́nu. Àwa tí à ń gbé inú ọkọ̀ kì í fi kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ lófìfo, kí ó má baà máa ró gbàgà-gbàgà lójú títì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kó búrẹ́dì sí i fún ọdún méjì.

Ṣùgbọ́n ó ti sú Arlys.

"Delmar, tí ilé ìdáná yìí ò bá dáa kó tó di ọjọ́ Àìkú, mo ń padà sí Minnesota."

Inú yìnyín nìyẹn. Orúnkún mi ò lè gbà á mọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí obìnrin yìí kì í halẹ̀ lásán.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ra maikirowéfù tuntun. Kí n tó tú ìdè àkọ́kọ́ lára ti àtijọ́, Hollis ti gbé àga wá. Níbi tí à ń gbé, kò sẹ́ni tó ń dá nǹkan tún ṣe. Aládùúgbò á jókòó tì ọ́, á máa fún ọ ní ìmọ̀ràn tí kò wúlò.

"Ọ̀gá Delmar, ìdè yẹn kọ́ o!"

"Wá tú u fúnra ẹ."

"Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ẹnu ẹ ò ṣáà dùn ẹ́."

Maikirowéfù náà yọ, àmọ́ kò gba ẹnu ọ̀nà. Ojú fèrèsé la gbà gbé e jáde, a sì gbé e lé orí tábìlì níta. Arlys kó búrẹ́dì inú rẹ̀ jáde, ó nù ún, ó pa á dé. Ìgbà yẹn ni mo rí wáyà ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ti gé e tipẹ́. Ojú ibi tí wọ́n gé ti dípẹtà.

Afẹ́fẹ́ dúró. Ajá kan tó ti ń gbó láti àárọ̀ dákẹ́.

Maikirowéfù náà dún. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Aago mẹ́rin géérégé ni.

Hollis rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ṣí i," Arlys wí.

"Ìwọ ṣí i."

Ó ṣí i. Ife aláwọ̀ ewé kan wà nínú rẹ̀, etí rẹ̀ ti kán. Kọfí kún un. Èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Kí n tó lè dá a dúró, Arlys ti tọ́ ọ wò.

"Ṣúgà ẹ̀ ti pọ̀ jù."

"Arlys!"

"Òótọ́ ni mo sọ."

Mo pe Stroud. Mo sọ fún un pé a ti kó búrẹ́dì kúrò.

"Ṣé ṣúgà ṣì pọ̀ níbẹ̀?" ló bi mí. Kí n tó dáhùn, ó ti pa fóònù. Kò gbé e mọ́ títí dòní.

A da kọfí náà nù. Mo fọ ife, mo tì í mọ́ inú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A gbé maikirowéfù àtijọ́ lọ sórí tábìlì tí àwọn èèyàn ń kó ohun tí wọn ò fẹ́ mọ́ sí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ti gbé e lọ. Mo fá igi kọ́bọ́ọ̀dù díẹ̀, tuntun sì wọlé wẹ́kú. Arlys gbé ọbẹ̀ kaná nínú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti parí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin, afẹ́fẹ́ dúró. Tuntun náà dún. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ife kan náà ni. Kọ́kọ́rọ́ àpótí ṣì wà lápò mi. Arlys tọ́ kọfí wò, ó wò mí lójú.

"Wọ́n ti dín ṣúgà kù."

Ara mi bù máṣọ. "Jẹ́ ká padà sí Minnesota. Lónìí yìí!"

Arlys fa àga, ó jókòó. "Kí n wá ṣe kí ni níbẹ̀? Ọdún mẹ́tàlélógójì tó o ti fẹ́ mi, o ò po kọfí fún mi rí."

Ó kọjú sí maikirowéfù.

"Ẹ ṣeun o. Bàbá yìí máa ń fi mílíìkì sí tiẹ̀."

Ní Sátidé, ife méjì ló wà níbẹ̀. Mílíìkì wà nínú ọ̀kan. Ìyàwó mi fẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́ tábìlì títí èmi náà fi dúpẹ́. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò bojú wẹ̀yìn, kí n má baà rí ẹni tó po kọfí náà.