Ojú Ọ̀run Kò Ní Iyanrìn

"Ọ̀gbẹ́ni, wọ́n fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, o ní o máa lọ rà á. Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

Zàíd ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Matthias ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹsẹ̀ lé àga nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Àǹtí Àràmídé ní Benson, ní Ìkòròdú. Matthias kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ wà lára kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí Àǹtí Àràmídé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, máa ń jẹ́ kó lò tí àwọn oníbàárà bá ti lọ tán. Orí rẹ̀ ni Matthias ti kọ́ wíwa bàálù. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o! Kò wọ bàálù rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn, á gbé e kúrò ní Ìkẹjà, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Àbújá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìdíje kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa bàálù orí kọ̀ǹpútà ló gbé e kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní kíláàsì àṣekágbá. Kálukú á jókòó síbi tó wà, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnsànyà tó jẹ́ adájọ́ á sì máa wò wọ́n, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá gbégbá orókè yóò wọ iléèwé àwọn awakọ̀ òfuurufú lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti Matthias, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré mọ́. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja ní abúlé àwọn Ìlàjẹ kan létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Bí kò bá rí iléèwé yìí wọ̀, iṣẹ́ wíwa iyanrìn lábẹ́ omi ló kù fún un, iṣẹ́ tó pa bàbá rẹ̀.

Òfin kan wà níbẹ̀: dátà ọ̀nà òfuurufú tí olùdíje máa lò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti oṣù náà gan-an. Inú dátà yìí ni orúkọ gbogbo ibi tí bàálù ń gbà kọjá wà, àwọn tó ń ṣe é sì máa ń tún un ṣe lóṣooṣù. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á san àsansílẹ̀, yálà ti oṣù kan tàbí ti ọdún kan. Ti ọdún kan, kí á má wulẹ̀ dárúkọ iye rẹ̀. Ti oṣù kan ni Matthias sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá kò jiyàn. Ẹja yíyan tó ti ń kó jọ kó lè fi ra àwọ̀n tuntun, ó dì í sínú agbọ̀n, ó fi í ránṣẹ́ sí Gáréèjì Ìkòròdú.

"Tà á, kí o fi ra ọ̀nà rẹ," ló wí lórí fóònù.

Ẹja ti tà. Owó wà lápò. Ibi tí Zàíd bá a nìyẹn.

"Ẹnì kan ládùúgbò wa ra ti ọdún kan lọ́dún tó kọjá," ni Zàíd wí. "Mo ti rọra dà á sórí fíláàṣì yìí. Mú un, kí o fi owó ẹja ra ọ̀pá ìdarí tí mo fẹ́ tà. Àbí bọ́tìnnì lásán lo fẹ́ fi bá àwọn ọmọ olówó díje?"

"Wọ́n ní ti oṣù yìí ni."

"Ta ló máa mọ̀?"

Matthias rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ọmọ ọ̀sà ni. Ó mọ̀ pé ọ̀nà orí omi máa ń yí padà, torí iyanrìn a máa rìn. Òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi júwe ọ̀nà lè di ẹ̀tàn lẹ́yìn òjò. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará abúlé rẹ̀ kì í fi í pàdé ọkọ̀ míì láìbéèrè ibi tó gbà. Ṣùgbọ́n òfuurufú ńkọ́? Ojú ọ̀run kò ní iyanrìn! Kí ló fẹ́ yí ọ̀nà bàálù padà? Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ ọn. Ó kówó fún Zàíd.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá rẹ̀ ti Ẹ̀pẹ́ wá. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó ń gbàdúrà lábẹ́nu. Zàíd náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàálù gbéra. Ọ̀pá ìdarí yẹn ń jẹ́ fún Matthias, kò sì pẹ́ tó fi gba iwájú. Ni Àǹtí Àràmídé bá ń pàtẹ́wọ́.

Ohùn adájọ́ bá dún: "Òjò ńlá wà níwájú. Gbogbo yín, ẹ yà sí TOLBA."

Matthias tẹ T-O-L-B-A. Kọ̀ǹpútà ní kò síbẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Kò sí. Àwọn yòókù ń yà lọ́kọ̀ọ̀kan, bàálù tirẹ̀ nìkan ló ń lọ tààrà sínú òjò. Ó bojú wẹ̀yìn wá Zàíd. Zàíd ti pòórá.

"Matthias, kí ló dé?" ni adájọ́ béèrè.

"Ẹ̀rọ ló ń yọ mí lẹ́nu, sà."

"Ṣé dátà oṣù yìí lò ń lò? Oṣù yìí ni wọ́n fi TOLBA kún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo rà á."

"Ṣí ojú ewé rẹ̀ kí n rí i."

Matthias ṣí i. Ọdún tó kọjá ló wà níbẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíì.

"Ta ló ń jẹ́ Adéòjó?" ni adájọ́ béèrè.

Ìyá rẹ̀ ló dìde, ó sún mọ́ ẹ̀rọ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú. Ọmọ mi kì í purọ́. Èmi fúnra mi ni mo fi ẹja ránṣẹ́. Ó rà á."

Háà! Ó sàn kí ilẹ̀ lanu gbé Matthias mì ju kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Ó bú sẹ́kún.

"Ìyá, mi ò rà á."

Ìyá wò ó. Ó rọra padà sórí àga rẹ̀, ó sì fi ìbòrí rẹ̀ bojú.

"Ká ní o pè mí kó o tó gbéra, à bá bá ọ wá nǹkan ṣe sí i," ni adájọ́ wí. "Ṣùgbọ́n o lo ohun olóhun, o tún purọ́ fún mi. Jáde kúrò nínú ìdíje."

Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Ìdíje náà kì í gba ẹni tó bá ti jáde iléèwé, Matthias sì ti ṣe ìdánwò àṣejáde tán. Àtúnṣe kò sí mọ́. Matthias gbé ọ̀pá ìdarí lọ sílé Zàíd, ó ní kó dá owó òun padà. Zàíd ní òun kì í gba ọjà àtà padà.

Ní Mọ́ńdè, Matthias bá ìyá rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó wà níwájú ọkọ̀ ojú omi, ó di àjẹ̀ mú, ìyá wà lẹ́yìn. Wọ́n ń sún mọ́ òpó kan tí Matthias mọ̀ láti kékeré, ló bá darí ọkọ̀ síbẹ̀. Obìnrin kan ń wa ọkọ̀ tirẹ̀ bọ̀.

"Ibo lẹ gbà?" ni ìyá rẹ̀ kígbe.

"Ẹ má gba ibi òpó o! Iyanrìn ti dí i. Ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún!"

Matthias gbé àjẹ̀ sókè. Omijé tún dé.

"Ìyá, mo rò pé ojú ọ̀run ò ní iyanrìn ni."

"Pé o ò mọ̀, ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí," ni ìyá dáhùn. "Bàbá rẹ gbọ́n lórí omi yìí, síbẹ̀ ó ń béèrè ọ̀nà títí ó fi kú. Abèèrè kì í ṣìnà. Ìwọ, wọ́n sọ ọ̀nà fún ọ, o mọ̀ ọ́n, o gba ibòmíì. O tún jẹ́ kí n fi ẹnu mi jẹ́rìí èké."

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, àwọ̀n àtijọ́ wà lórí okùn, ó ya káàkiri, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Matthias jókòó tì í, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dí ihò rẹ̀. Lọ́la ló máa lọ wa iyanrìn, kí ìyá rẹ̀ lè rí àwọ̀n tuntun rà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ohun olóhun, orúkọ olóhun ló ń jẹ́. Bó o tilẹ̀ fi í pa mọ́ títí, ọjọ́ tí o bá nílò rẹ̀ jù lọ, orúkọ olóhun náà ló máa pè. Ẹni tó bá sì nífẹ̀ẹ́ rẹ jù lọ ló máa jókòó síbẹ̀, tí yóò gbọ́.