Ẹni Tó Ń Wẹ̀ Kẹ́yìn

Láàárọ̀, ìlà bọ́kẹ́ẹ̀tì a máa gùn níwájú balùwẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú ilé wọn ní Ìkòsí. Màríyámọ̀ kì í tò. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ló máa ń jókòó sí títí gbogbo ayálégbé yóò fi wẹ̀ tán.

Jàbùtẹ́ ló mú un lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ náà sì wú gan-an. Kò sẹ́ni tó lé e. Ó kàn gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn fèrèsé pé àrùn náà lè ran àwọn ará ilé ní balùwẹ̀. Látìgbà náà ló ti sọ ara rẹ̀ di ẹni ìkẹyìn. Kó tó kàn án, ilẹ̀ ti kún fún omi ìdọ̀tí, kànga sì ti dà rú. Yóò bu omi díẹ̀ sára, yóò sá jáde.

Nígbà tó yá, ọgbẹ́ yọ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibà ń dé léraléra.

"Ó ti tán fún mi," ló sọ fún Nusirat, ọmọ rẹ̀. "Màá gbé ìsọ̀ ata mi ní Mile 12 fún ẹlòmíì."

Nusirat lọ pe Nọ́ọ̀sì Oyèwùmí wá láti ilé ìwòsàn ìjọba.

"Mummy, ara yín ńkọ́?"

"Ara wo? Ṣé mo tún ní ara ni?"

Nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ náà, ó wo ilẹ̀ balùwẹ̀. "Ìgbà wo lẹ máa ń wẹ̀?"

"Tí gbogbo wọn bá ṣe tán. Mi ò fẹ́ kó ràn wọ́n."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ẹ̀fọn ló ń gbé kòkòrò jàbùtẹ́ kiri. Èèyàn kì í kó o ní balùwẹ̀."

Jímọ́ọ̀, ayálégbé kan tó wà níwájú ìlà láàárọ̀ ọjọ́ náà, pariwo: "Ẹ̀fọn ilé yìí kẹ̀? Ó kù díẹ̀ kí wọ́n máa san owó ilé!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì nígbà náà," Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. Ó yíjú sí Màríyámọ̀. "Mummy, ẹsẹ̀ yìí lè má padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ìdọ̀tí tó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé ló ń fa ibà yẹn. Omi tó mọ́ lẹ nílò ju ẹnikẹ́ni lọ."

Jímọ́ọ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mummy, ẹ bọ́ síwájú. Ṣùgbọ́n ẹ má kọrin níbẹ̀ o, mò ń lọ síbi iṣẹ́!"

Wọ́n tọ́jú ọgbẹ́ náà ní ilé ìwòsàn. Ní báyìí, Màríyámọ̀ ń fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń nu àárín ọmọ ìka gbẹ, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí tó bá sùn. Ibà ò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Ẹsẹ̀ ṣì tóbi.

Oníbàárà kan wò ó tàánú-tàánú nídìí ìsọ̀ ata rẹ̀ lọ́jà. "Ìyá Nusirat, ṣé ara le báyìí?"

"Ó le dáadáa! Ẹsẹ̀ kan ló tóbi, èmi ò ṣàìsàn. Ṣé rodo ni àbí tàtàṣé?"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó ní jàbùtẹ́ lè máa gbé ìgbé ayé tó tù ú lára, bí ibi tó ń gbé bá mọ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì sá fún un. Ẹ jẹ́ kó rí omi tó mọ́ lò. Ẹ gbá gọ́tà yín, ẹ sùn nínú nẹ́ẹ̀tì. Bí ẹsẹ̀ bá ń wú tàbí tó ń gbóná, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí yín.