Ọwọ́ Tó Ń Bá Mi Tẹ Lẹ́tà A

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní àdúgbò Makun, lẹ́tà kan yọ lójú kọ̀ǹpútà mi kí n tó tẹ̀ ẹ́. Oorun ò kùn mí, ojú mi ò sì ṣe bàìbàì. Ẹ béèrè mi ní gbogbo Ṣàgámù lọ́dún 1997 yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé tí kò ní lábùkù, ṣọ́ọ̀bù Ìdíátù ọmọ Lìádì olóbì ni wọ́n ń júwe fún un. Mo mọ iṣẹ́ mi, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà tí bàbá mi rà fún mi. Tuntun wà lọ́jà, ṣùgbọ́n àwọn tuntun yẹn ò lágbára, iná NEPA kan tó bá ṣe ségesège báyìí, wọ́n ti kú. Tèmi wúwo, ó ń pariwo bí ẹ̀rọ ata, kì í sì í kú. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé bọ́tìnnì lẹ́tà A ti dákú pátápátá. Kíbọ́ọ̀dù tuntun tí mo sì rí, ẹnu okùn rẹ̀ kéré ju ihò tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà mi lọ. Ẹlòmíràn ì bá ti gbé e jù sí kọ̀rọ̀. Èmi dọ́gbọ́n sí i. Tí mo bá di bọ́tìnnì Alt mú, tí mo tẹ 97, A á jáde. Mo ṣe é títí ó fi mọ́ mi lára, débi pé ẹni tó dúró tì mí gan-an kì í fura.

Nítorí náà, nígbà tí A yọ fúnra rẹ̀, mo dáwọ́ dúró. Mo tẹ lẹ́tà tó kàn. Nígbà tó tún kan A, ó ti wà níbẹ̀ kí ọwọ́ mi tó dé Alt. Òórùn obì tútù àti ti ewé tí wọ́n fi ń bo obì gba inú ṣọ́ọ̀bù kan, bẹ́ẹ̀ mi ò ní agbọ̀n obì kankan níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn, ìrànlọ́wọ́ náà sì dùn mọ́ mi. Ẹnu mi bá yá, mo ní, "Ẹ ṣé o."

Ó yẹ kí n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọmọ ilé obì ni mí. Nílé wa, bí a bá ń ṣa obì tí ẹnì kan kàn yà jókòó, tó ń bá wa ṣà, a kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àfi tí agbọ̀n bá kún. Bí o bá dúpẹ́ kí agbọ̀n tó kún, o ti gbà á síṣẹ́ nìyẹn. Á máa tẹ̀ lé ọ títí o ó fi dá a sílẹ̀.

Mo lọ bá Sàrátù, ìyá bàbá mi, níbi tó ti ń yí obì rẹ̀ padà lẹ́yìnkùlé. Mo rò ó fún un. Kò gbójú sókè.

"O dúpẹ́?"

"Mo dúpẹ́, mà."

"Agbọ̀n ti kún?"

"Ìyá àgbà, kọ̀ǹpútà ò ní agbọ̀n."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn kan wà tí wọn ò ní agbọ̀n tiwọn mọ́. Ibi tí wọ́n bá ti rí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń yà sí. Iṣẹ́ wọn mọ́ o. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá bá ọ ṣe, kì í ṣe tìrẹ nìkan mọ́."

"Báwo ni mo ṣe máa dá a sílẹ̀?"

"Sọ fún un pé agbọ̀n ti kún. Ohun tó bá fọwọ́ rẹ̀ ṣà, jẹ́ kó kó gbogbo rẹ̀ lọ, má ṣẹ́ ọ̀kan kù. Bó bá sì ń kó o, má wẹ̀yìn."

Mo ní n ó ṣe é tó bá yá. Láàárín ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹ́nnẹ́ kéde pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn tẹ kọ̀ǹpútà. Ojú iṣẹ́ yẹn ni mo ti ń wò láti ìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́. Bàbá mi ní òun mọ ẹnì kan tó lè bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo ní ọwọ́ mi nìkan ni yóò gbà mí síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ lọ́la pé òun lòún mú mi wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pè wá fún ìdánwò títẹ̀wé, mo gun ọ̀kadà láti Ṣàgámù. Nígbà tí a dé ibi tí títì ti bàjẹ́, ọlọ́kadà ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dì mí mú dáadáa." Èmi nìkan ni mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Mo dì í mú títí a fi dé.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyáàfin Joanna ló ń bójú tó ìdánwò náà, ọmọ ìjọ Adventist tí kì í fi yẹtí sétí, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín lásán. Ó pín ìwé tí a máa tẹ̀ fún wa. Kíbọ́ọ̀dù ibẹ̀ tuntun ni, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀. Òórùn obì tútù dé. Kí ìka mi tó kan A, A ti yọ.

Mo parí nígbà tí àwọn yòókù ṣì wà ní ìdajì. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Bí mo bá ti nawọ́ sókè, iṣẹ́ ti di tiwa.

Tiwa kẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo kọ ẹni tí bàbá mi mọ̀, èmi náà ni mo tún wá gbé ẹni tí mi ò mọ̀ wọlé. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá lò níbẹ̀, àwa méjì ni a ó jọ máa jókòó lórí àga kan. Inú bí mi ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ.

Mo rọra sọ ọ́ sábẹ́ ètè, "Ẹ kú iṣẹ́. Agbọ̀n ti kún. Ohun tí ẹ fọwọ́ yín ṣà, ẹ máa kó o lọ."

Àwọn A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Láti òkè ojú ìwé ni wọ́n ti ń lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣa obì kúrò lórí àtẹ. Ihò ṣófo ni wọ́n fi sílẹ̀. Aṣọ kan ń ró wàyìwàyì lẹ́yìn ọrùn mi, èémí tútù sì ń kàn mí létí. Mi ò wẹ̀yìn. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn lọ tán, ojú ìwé mi dà bí aṣọ tí kòkòrò jẹ.

Aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Mo padà sí òkè. Ìka ọmọńdinrín mi ti gbàgbé ibi tí A wà, mo fipá mú un rántí. Mo ń dí ihò kọ̀ọ̀kan fúnra mi, òógùn ń já bọ́ lójú mi. Bí Ìyáàfin Joanna ṣe ní ká dáwọ́ dúró ni mo dí èyí tó kẹ́yìn.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ, ó ní kí n dúró. Ó tún ka ìwé mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ìwọ la mú," ló wí. "Mo rí i nígbà tí iṣẹ́ rẹ bàjẹ́ tí o sì tún un ṣe. Ẹlòmíràn á ti sunkún."

Ayọ̀ kún inú mi. Mo dúpẹ́, mo fẹ́ dìde. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyá àgbàlagbà tó dúró lẹ́yìn àga rẹ," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ó ká etí ìró rẹ̀ sókè, ó ń ṣa nǹkan lójú kọ̀ǹpútà rẹ sínú rẹ̀. Kí n tó ní kó jáde, ó ti lọ. Ṣé ìyá rẹ ni?"

Mo tún gèlè mi wé kí n tó dá a lóhùn.

"Rárá, mà. Òṣìṣẹ́ mi ni. Mo ti dá a sílẹ̀."