Ó Ti Dé ní Yàrá Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Ẹsẹ̀ ni Àwáwù kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjì tí eruku pupa ọ̀nà Ìṣẹ́yìn ti bò bí osùn, tó ń fì dirodiro létí páànù ilé bàbá rẹ̀. Ó sọ agbọ̀n kajú tó rù kalẹ̀, ó gbójú sókè. Ọ̀dọ́kùnrin dúdú kan ló jókòó síbẹ̀, tó gbá díìṣì mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ náà dára, ẹ jẹ́ n má purọ́.

"Arẹwà, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ bá mi wọ pálọ̀, kí ẹ wo tẹlifíṣàn. Bí àwòrán bá yọ, kí ẹ ké sí mi."

"Ẹ̀yin ò lójú ni?"

"Mo lójú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wò, wọn ò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́."

Àwáwù pòṣé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó wọlé. Ọkùnrin ń yí díìṣì díẹ̀díẹ̀ lókè, ọmọbìnrin ń ké nísàlẹ̀.

"Ó ti dé?"

"Kò tíì dé!"

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó dé, ó tún ti lọ! Ẹ dá a padà díẹ̀!"

"Ó dé báyìí?"

"Ó ti dé! Ó ti dé o!"

Samsudeen lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ló máa ń di àkàbà rẹ̀ mọ́, a sì máa ti ìlú dé ìlú ṣe díìṣì. Bàbá Àwáwù, Alájì Ládòkun, oníṣòwò kajú ní Ìwéré-Ilé, ló ránṣẹ́ pè é. Díkódà kan ṣoṣo ló wà ní pálọ̀ Alájì, ìjà àti awuyewuye sì ti pọ̀ jù lórí ohun tí wọn yóò wò. Alájì wá fẹ́ kí àwòrán dé yàrá mẹ́ta mìíràn: yàrá ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà Àyọ̀ká, yàrá ìyálé rẹ̀, Mùyìbátù tó bí Àwáwù, àti yàrá ìyàwó kékeré.

Samsudeen mú irin kékeré kan jáde, tó ní ẹnu mẹ́rin. Ó ní ibẹ̀ ni wáyà díkódà yóò ti pín, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó gba yàrá tirẹ̀ lọ.

"Ṣùgbọ́n, Alájì, n ò ní tàn yín. Díkódà kan ni. Ohun tí ẹ bá ń wò ní pálọ̀, òun náà ni gbogbo ilé á máa wò."

"Yéè!" ni Ìyá Àgbà kígbe. "Ìyẹn ni pé bọ́ọ̀lù ni n ó máa wò títí ọlọ́jọ́ á fi dé?"

"Màmá, ẹ máa ṣọ́ ìgbà tí Alájì bá lọ kírun. Kí ẹ tètè yí i."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Alájì pàápàá rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí kì í purọ́ wù ú. Bí wọ́n ṣe ń ta wáyà káàkiri, Àwáwù ló ń sáré láti yàrá dé yàrá, tó ń ké "Ó ti dé!" Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ohun mìíràn ti dé tí kò gba inú wáyà.

Mo wo òkè, mo rí ọ o,
O wo ilẹ̀, o rí mi.
Ta ló gun àkàbà nínú wa?
Ọkàn mi ló gùn ún lọ.

Jímọ̀ mẹ́ta tẹ̀léra ni Samsudeen fi wá, tó ní òun wá wo wáyà. Wáyà kò ṣàìsàn! Ní Jímọ̀ kẹrin, ó mú àbúrò bàbá rẹ̀ dání, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Alájì.

Alájì mí kanlẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀yin oníṣẹ́ díìṣì. Ẹ ó ṣe é tán, ẹ ó lọ. Tó bá bàjẹ́, a ò ní rí yín mọ́. Ẹni tó bá lè sá fún wáyà, á sá fún ìyàwó. Gbọ́ mi: bí àwòrán bá dúró ní yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí di Iléyá, kí ẹbí rẹ wá. Bó bá lọ lẹ́ẹ̀kan péré, kí o gbé àkàbà rẹ, kí o máa bá tìrẹ lọ."

"Mo gbà, Alájì. Ohun kan ni mo fi bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n so ẹran sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wáyà díìṣì ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹran a máa jẹ wáyà."

"Mo ti gbọ́."

Oṣù mẹ́ta ni Iléyá kù. Hàáà, oṣù mẹ́ta! Bí ìjì bá jà, Àwáwù á gbé oúnjẹ sílẹ̀. Á kọ́kọ́ sáré yẹ yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, á wá pe Ìṣẹ́yìn lórí fóònù.

"Ó ṣì wà níbẹ̀, olólùfẹ́."

"Alihamudulilahi. Ìwọ náà ńkọ́?"

"Èmi náà wà níbẹ̀."

Ọdún náà, Mùyìbátù wà ní Mẹ́kà. Nígbà tí ọjọ́ Áráfà pé, tí Iléyá ku ọ̀la, èrò kún yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́fọ́ láti wò ó láàárín àwọn aláṣọ funfun. Ìyá Àgbà ní ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni òun yóò fi dá a mọ̀. Ọ̀sán ń pọ́n lọ, wọ́n ń wò, wọ́n ń wò, àfi fììn! Àwòrán lọ. Ó lọ ní pálọ̀, ó lọ ní gbogbo yàrá.

Àwáwù dúró bí òpó. Alájì yọjú sí i láti pálọ̀, ó mi orí. Ẹkún ni ọmọ náà fi pe Samsudeen.

Bó ṣe gbọ́ ni ó gbé ọ̀kadà rẹ̀. Ó ń gbààwẹ̀ Áráfà, ètè rẹ̀ ti gbẹ, síbẹ̀ kò dúró sinmi títí ó fi dé ẹ̀yìnkùlé. Alájì tẹ̀lé e, ó fajú ro. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá àgbò Iléyá tó sanra bọ̀kọ̀tọ̀, lábẹ́ ibòji tó dára, tó ń jẹ àjẹkù wáyà lẹ́nu bí ẹni jẹ orógbó.

Ara Alájì tutù. Òun fúnra rẹ̀ ló so ó síbẹ̀ láàárọ̀.

Èrò ti ń tú jáde bọ̀ lẹ́yìn wọn. "Kí ló ṣe é? Kí ló ṣe é?"

Samsudeen wo àgbò, ó wo Alájì. Ó ká wáyà tó ní ojú eyín náà kíá, ó tì í bọ àpò.

"Wáyà ló já," ló wí. "Ẹ̀bi mi ni. Ó yẹ kí n ti gbé e sókè ju báyìí lọ. Ẹ má bínú, Alájì. N ó tún un ṣe kí n tó gbé àkàbà mi."

"Samsudeen!" Omi lé ròrò lójú Àwáwù.

Alájì wúkọ́. Ó lè dákẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò bi í.

"Ẹ dúró," ló wí. "Èmi ni mo so àgbò yìí síbí. Ọmọ yìí kìlọ̀ fún mi, mo ní mo ti gbọ́. N ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu rẹ̀ ì bá gba ìyàwó fún un, kò sọ ọ́, kí ojú má baà tì mí láàárín yín." Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Samsudeen. "Àwòrán sá lọ, ìwọ ò sá. Bí ìyá Àwáwù bá ti Mẹ́kà dé, a ó so yìgì."

"Ọpẹ́lọpẹ́ pé o jẹ́wọ́, Ládòkun," ni Ìyá Àgbà wí. "Ojú mi ló ṣe nígbà tí o ń so ó. Ọ̀pá mi nìyí lọ́wọ́ mi, mo ń dúró dè ọ́ ni."

Ẹ̀rín bẹ́, ẹkún Àwáwù di ẹ̀rín. Wọ́n fa àgbò lọ sí iwájú ilé. Samsudeen ta wáyà tuntun, ó gun òkè.

"Ó ti dé?"

"Ó ti dé!" Ìyá Àgbà nìyẹn.

"Ó ti dé!" Ìyàwó kékeré nìyẹn.

"Ó ti dé, olówó orí mi!" Àwáwù nìyẹn láti yàrá ìyá rẹ̀, gbogbo èrò sì pariwo "Hẹ́ẹ̀!" lé e lórí.

Pálọ̀ nìkan ló kù. Samsudeen nawọ́ gán díìṣì. "Alájì, ọ̀dọ̀ yín ńkọ́?"

Lẹ́yìn náà ni ohùn Alájì jáde lójú fèrèsé, pẹ̀lú ẹ̀rín nínú rẹ̀:

"Ó ti dé. Sọ̀ kalẹ̀ wá, àna mi."