Ẹni Tó Dáhùn Ẹ Kúulé

Àlọ́ kọ́ lèyí. Ó ṣẹlẹ̀ ní Arcella, ní Padova ní ilẹ̀ Italy, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Àwọn kan tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì ń wọ tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó má gbà á gbọ́. Ìyẹn ò ní kó má ṣẹlẹ̀.

Òwúrọ̀ kan nínú oṣù January ni Azizah àti ọkọ rẹ̀, Jùnáídù, dé láti Ìwó, níbi tí wọ́n ti lọ lo ìsinmi. Kùrukùru ti bo gbogbo àdúgbò. Jùnáídù dúró sí ìsàlẹ̀, ó ń sọ̀ ẹrù kalẹ̀ láti inú takisí. Azizah fa Hidayah ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó ṣílẹ̀kùn.

Ilé dákẹ́. Ó tutù rinrin, ó sì ń rùn díẹ̀, òórùn ilé tí wọ́n ti tì pa fún ìgbà pípẹ́. Azizah ò rò ó kó tó sọ ọ́. Orúnkún rẹ̀ ti ń kanlẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ẹ kúulé mà."

Àṣà ọwọ́ rẹ̀ ni. Ojoojúmọ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ló máa ń kí ìyá ọkọ rẹ̀ báyẹn lẹ́nu ọ̀nà, wọn ì báà jà láàárọ̀. Ìyá á wà lórí ẹní ìkírun nínú yàrá tó kọjú sí ilẹ̀kùn, á dáhùn láìbojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n Ìyá ò bá wọn padà wá. Ìwó ni wọ́n fi í sílẹ̀ sí, lọ́dọ̀ Àlímì, ẹ̀gbọ́n Jùnáídù. Kò séèyàn nínú ilé. Azizah rántí, ó sì fẹ́ fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀," ni ohùn kan wí láti inú yàrá.

Ohùn náà ò le. Ohùn àgbà tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ni. Hidayah já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sáré wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"La nonna è già qui," ló wí. Màmá àgbà ti ṣáájú wọn dé.

Azizah rọra yọjú. Ibùsùn wà bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Ẹní ìkírun wà ní kíká, ike àlùwàlá aláwọ̀ ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, sílípáàsì Ìyá wà nísàlẹ̀. Kò sí ẹnì kankan. Ó fọwọ́ kan termosifone, irin tó ń mú yàrá gbóná. Ó tutù, nítorí wọn ò tíì tan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé etí ibùsùn. Ojú ibì kan níbẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn kan lè jókòó sí lọ. Ó yára gbé ọwọ́ kúrò, ó sì pa ilẹ̀kùn yàrá dé.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí Azizah ṣe, kí ẹ má baà káàánú rẹ̀ jù.

Ìyá kọ́ ló ní òun ò padà wá. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ní Ìwó, wọ́n wá soggiorno rẹ̀ tì, káàdì tó jẹ́ pé láìsí i, wọn ò ní jẹ́ kó wọ ọkọ̀ òfurufú padà sí Italy. Wọ́n tú àpótí, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò ní ààyè rẹ̀. Ìyá jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń sọ pé òun ò sọ nǹkan nù rí. Jùnáídù bẹ̀ ẹ́, ó ní tí òun bá ti dé Padova, òun á lọ fi tó wọn létí ní Questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń bójú tó ìwé àwọn àjèjì, wọ́n á ṣe òmíràn, Ìyá á sì ti dé kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Azizah bá wọn wá a. Ó tilẹ̀ yí ìkòkò omi wò. Etí aṣọ òtútù tirẹ̀ ni káàdì náà wà. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an mọ́ ibẹ̀, nínú balùwẹ̀.

Yàrá ló fẹ́. Oyún tún ti wà nínú rẹ̀, ilé wọn ò sì tóbi. Ṣùgbọ́n yàrá nìkan kọ́. Azizah ń ṣiṣẹ́ ní casa di riposo, ilé tí àwọn ará ibẹ̀ ń kó òbí wọn tó ti darúgbó sí. Láti àárọ̀ ló ti ń wẹ ìyá oníyàá, tó ń nu itọ́ lẹ́nu wọn, tó ń pè wọ́n ní amore, olólùfẹ́ mi. Tó bá délé, ìyá mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ń retí ìkúnlẹ̀. Ìyá ò sì ṣẹ̀ ẹ́ o. Ìyá ló tọ́ Hidayah láti ìkókó kí Azizah lè ríṣẹ́ ṣe. Ìyẹn gan-an ló ń dun Azizah, pé kò rí ohun kan mú tó lè fi bínú sí i. Ó kórìíra kó máa dúpẹ́.

Iṣẹ́ àti ilé-ìwé padà bẹ̀rẹ̀. Jùnáídù padà sí magazzino, ilé ìkẹ́rù sí, ó ń kó páálí sínú ọkọ̀ ńlá, ó ń dé tòun ti oorun lójú. Aṣọ fífọ̀ wà lórí irin ìsáṣọ nínú pálọ̀, kò gbẹ, bó ṣe máa ń rí nígbà òtútù. Azizah tan riscaldamento, ẹ̀rọ tó ń mú gbogbo ilé gbóná, ó ra ibùsùn ọmọ, ó tò ó sínú yàrá Ìyá. Tó bá ti ń rìn, káàdì inú etí aṣọ á máa gbá a lórúnkún. Ó ti mọ́ ọn lára.

Lẹ́yìn náà ni àwọn nǹkan kéékèèké bẹ̀rẹ̀. Omi á tú sílẹ̀ ní balùwẹ̀ lásìkò àsùbáà, nígbà tí Jùnáídù ti lọ síbi iṣẹ́. Azizah á da omi inú ike àlùwàlá nù, tó bá fi máa di ìrun ọ̀sán, ike ti kún, omi inú rẹ̀ á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà mìíràn, tó bá pa tẹlifíṣọ̀n, á gbọ́ tẹ̀sùbáà tó ń dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Tó bá ṣílẹ̀kùn, á dákẹ́.

Giulia, obìnrin àgbàlagbà tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn, dá a dúró lórí àtẹ̀gùn. Kò bínú. Ó kàn ní kí wọ́n bá ìyá ọkọ rẹ̀ ra sílípáàsì tó rọ̀, nítorí gbogbo ọ̀sán ló fi ń wọ́ ẹsẹ̀ kiri lókè orí òun. Azizah ní ìyá ọkọ òun wà ní Nàìjíríà.

Giulia wò ó. "Ma mi ha salutata," ló wí. Ó ní òun kan ilẹ̀kùn wọn lánàá, ìyá náà sì kí òun láti inú ilé.

Hidayah ní tirẹ̀ ò bẹ̀rù nǹkan kan. Ó ń kó biscotti wọ yàrá lọ, ó ń jáde lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bá a sọ ní Yorùbá, Italian ló fi ń dáhùn, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìyá ti sapá, ó ti sú u. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́ fún un títí tí wọ́n fi rìnrìn àjò: tí ẹnì kan bá kí yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò gbọdọ̀ pa á tì sí ìta, ẹ gbọ́dọ̀ dá a lóhùn kó lè wọlé.

Jùnáídù ń bẹ Azizah kí àwọn jọ lọ sí Questura. Azizah á ní òun ní ìpàdé ní ilé-ìwé, tàbí kó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òtútù rọlẹ̀ ná. Ọkọ rẹ̀ gbà. Ó fẹ́ràn rẹ̀, kò sì rò ó sí ibi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan, Àlímì pè wọ́n lórí fídíò. Oòrùn ń ràn yòò lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun ò mọ ohun tó ń ṣe Ìyá. Kì í kí ènìyàn mọ́. Ojú ògiri ló ń kọ láti àárọ̀ dalẹ́. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á ní òun ti yó, Hidayah ti fún òun ní biscotti. Ó yí fóònù sí i. Ìyá wà nínú oòrùn náà, ó wọ súwẹ́tà méjì tó fi ń gbé Padova, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Jùnáídù bú sẹ́kún, ó dìde kúrò níbẹ̀. Ó ku Azizah nìkan nídìí fóònù.

"Azizah," ni Ìyá wí. "Ṣé ẹ ò tíì rí i?"

"A ò tíì rí i mà."

"Wá a dáadáa. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń gbá ọ lórúnkún tó o bá ń rìn."

Azizah pa fóònù. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé nẹ́tíwọ́kì ló já.

Ẹlòmíràn á ti tú etí aṣọ náà nígbà yẹn. Á kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, á jẹ́wọ́, kí wọ́n lọ gbé Ìyá wá. Ó wá sí i lọ́kàn lóòótọ́. Ó wo ibùsùn ọmọ, ó wo ikùn rẹ̀, ó sì gbé e kúrò lọ́kàn.

Lọ́jọ́ kejì, bí Jùnáídù ṣe jáde tán, ó wọ inú yàrá. Ó pa termosifone ibẹ̀. Ó kó ẹní ìkírun, ike àlùwàlá àti sílípáàsì sínú ọ̀rá dúdú, ó lọ jù wọ́n sínú àpótí ìdọ̀tí ìta. Ó ṣí fèrèsé yàrá náà sílẹ̀ gbayawu, kùrukùru ń wọlé. Lẹ́yìn náà, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Nígbà tí Hidayah máa fi ti ilé-ìwé dé, tẹ̀sùbáà ti ń dún kíkan kíkan nínú yàrá, kò dún ní ẹyọ kan mọ́. Nígbà tó yá, ó yé Azizah pé kì í ṣe tẹ̀sùbáà. Eyín ni.

"Ha freddo, mamma," ni Hidayah ń wí, ó ń sunkún. Ó ní òtútù ń mú màmá àgbà.

Azizah ní kó panu mọ́, kó jẹun.

Ẹnì kan fi ìka kan ilẹ̀kùn láti inú yàrá. Kò kàn án gidi. Irú èyí tí ènìyàn ń kàn tí kò fẹ́ dá ilé láàmú ni.

"Azizah. Ilẹ̀kùn."

Azizah gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Ó bá ọmọ rẹ̀ wo eré títí tí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí Jùnáídù máa fi dé, kò sí ohun kan tó ń dún mọ́. Azizah sì sùn fọnfọn. Èmi tí mò ń sọ èyí ò lè dárí ìyẹn jì í: ó sùn fọnfọn.

Ìpè Àlímì lórí fóònù ló jí wọn. Ìyá ti kú. Inú yàrá tó móoru ló wà, wọ́n da aṣọ bò ó, síbẹ̀ òtútù ló pa á. Àwọn obìnrin tó wẹ òkú rẹ̀ sọ pé omi gbígbóná ò ràn án, bó bá ti kan ara rẹ̀ ló ń tutù. Wọ́n ní ìka ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wà ní kíká, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ kanlẹ̀kùn. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Jùnáídù wọkọ̀ òfurufú lọ síbi àdúrà òkú. Azizah sunkún dé pápákọ̀, ẹkún náà ò sì jẹ́ irọ́ tán.

Ó wá ku òun àti Hidayah. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kùrukùru bolẹ̀ débi tí wọn ò rí tram kó tó dé iwájú wọn, ó lọ mú ọmọ náà ní ilé-ìwé, wọ́n délé. Azizah ṣílẹ̀kùn, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ti pinnu pé òun ò ní kí ilé náà mọ́ láyé. Ó dúró, ó fetí sílẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ṣí yàrá, ó ti fèrèsé, ó tan termosifone. Yàrá lásán ni. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ara tu Azizah fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ó gbé oúnjẹ fún Hidayah, ó sì mú sísọ́ọ̀sì. Káàdì náà ò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó fẹ́ gé e wẹ́wẹ́ kí Jùnáídù tó dé.

Ó tẹ́ aṣọ òtútù náà sórí tábìlì. Òwú tó fi rán an ṣì wà bó ṣe rán an, kò sí èyí tó já. Ó gé e. Ó ti ìka bọ inú rẹ̀. Ó gé e títí tó fi yí aṣọ náà po. Kò sí káàdì níbẹ̀.

Ìgbà náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Sílípáàsì ń wọ́, táyà àpótí ìrìn àjò ń gbá àtẹ̀gùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń sinmi, ó tún ń gùn. Ó dé iwájú ilẹ̀kùn wọn, ó dúró. Ẹnì kan mí kanlẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí ọ̀nà jíjìn ti rẹ̀.

"Ẹ kúulé o."

Azizah fi ìka sétè. Ó mi orí sí ọmọ rẹ̀, ó tún mi orí, omi ń jáde lójú rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹni náà ń dúró. Kò kanlẹ̀kùn.

Hidayah gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ dáadáa bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàbọ̀ mà," ló wí ní Yorùbá.

Kọ́kọ́rọ́ sì yí nínú ilẹ̀kùn.