Ẹni Mélòó Lẹ Ń Bọ́?

Lẹ́búlẹ́bú igi ti bo káfíńtà náà láti orí dé ìpéǹpéjú, ẹyinjú rẹ̀ nìkan ló ń dán. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ọrọ̀-ajé ló ń kọ́ nílé ìwé. Olùkọ́ wọn ló ní kí wọ́n lọ wádìí bóyá oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń bọ́ èèyàn púpọ̀ ló ń pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹni mélòó lẹ ń bọ́?" ló béèrè nígbà tó rántí.

Káfíńtà wò ó títí. "Kò sí. Èmi nìkan ni."

"Wákàtí mélòó lẹ fi ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́?"

"Mẹ́rìnlá. Ẹ ò ní jókòó ni, Akọ̀wé?"

Akọ̀wé jókòó. Lọ́jọ́ kejì, ó tún padà wá, ó ní òun gbàgbé ìbéèrè kan, òótọ́ sì ni. Àwọn ìgbà tó tẹ̀ lé e, àwáwí lásán ni, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀. Ìfẹ́ káfíńtà ti wọ̀ ọ́ lára.

Nígbà tó wá ya àtẹ ìṣirò sórí ìwé, tó fi àmì sí i fún oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bi ní ìbéèrè, orí rẹ̀ dà rú. Bí ẹni tí wọ́n ń bọ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni wákàtí iṣẹ́ ń gùn sí i, àfi àmì ti káfíńtà, tó ní òun ò bọ́ ẹnì kankan, tó dá dúró lókè bí ẹni tó bínú kúrò nílé. Ó fẹ́ yọ ọ́ dànù.

"O ò lè yọ ọ́ torí pé ó dà ọ́ láàmú," olùkọ́ rẹ̀ wí. "Padà lọ béèrè."

Ìṣirò ni kò yé e ni, àbí ọkùnrin náà? Ta ló ń ṣe làálàá tó báyẹn fún?

"Ṣé ẹ níyàwó nílé ni?" ló bi í bó ṣe wọlé.

Káfíńtà gbé òòlù sílẹ̀. "Mi ò níyàwó. Ìyá mi ni, àtàwọn àbúrò mi mẹ́rin. Látìgbà tí bàbá wa ti kú, ọwọ́ mi ni gbogbo wọn ń wò. Mi ò fẹ́ kó o mọ̀. Obìnrin ti torí ẹ̀ sá fún mi rí."

Inú bí Akọ̀wé pé ó purọ́ fún òun, ẹkún sì tún ń gbọ̀n ọ́n. Kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ ṣe, ló bá kọ márùn-ún sílẹ̀.

"Ṣé ó ti bára mu?" káfíńtà bi í.

"Ìṣirò ti bára mu. Èmi ni ọkàn mi ò tíì balẹ̀."

"Ṣé o lè jẹ́ ẹni kẹfà?"

Akọ̀wé mi orí pé rárá. Ojú káfíńtà fà ro.

"Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kà mí mọ́ àwọn tí ẹ ń bọ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n jáde nílé ìwé, kémi náà ríṣẹ́, ká jọ máa bọ́ wọn."

Káfíńtà na ọwọ́ sí i.

"Dìde," ó ní, "ká lọ kí ìyá mi."